Èmi Ni Mo Kọ Ọ́ Sára Ògiri Pápá Bọ́ọ̀lù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi, ẹ kà á tán ná. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú, àwọn ọmọ mi náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹnì kan ń bọ̀ láti Kùtọnu wá gba ìwé kan lọ́wọ́ mi, ìwé náà kò sì pé. Bó bá ṣí i, àṣírí mi lè tú. Mi ò sùn dáadáa mọ́.

Ọkùnrin kan ni mo ṣẹ̀. Mẹ́tìrì là ń pè é, bí a ti ń pe olùkọ́ níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ayé ìjọba ológun ni, ayé tí a ń pè ní Éhùzù, ìyẹn ìyípadà, tí gbogbo wa di kamaráàdì, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ìjọba ní kí àwọn àgbà tí kò mọ̀wé wá kọ́ ọ ní èdè abínibí wọn. Mẹ́tìrì ni wọ́n yàn kó máa kọ́ wa ní Nàgó nírọ̀lẹ́.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni mí nígbà náà, ìsọ̀ mi wà lójú ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò sì mọ bí a ti ń kọ orúkọ ara mi. Ọkùnrin yìí ló di ọwọ́ mi mú lórí pátákó, ọwọ́ tó dúdú fún gíríìsì, kò bìkítà pé ó ń ba aṣọ òun jẹ́. Kí ọdún tó yí po, mo ti ń kàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti ń kàwé láti kékeré kò lè mọ bó ti rí lára mi.

Mẹ́tìrì ní àṣà kan. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti mọ gbólóhùn kan kọ dáadáa, á fún un ní ẹfun ìkọ̀wé, á ní kó lọ kọ ọ́ sára ògiri kan láàárín ìlú. “Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.” “Ẹ mú ọmọ yín lọ gba abẹ́rẹ́.” Irú rẹ̀ ló kún ara ògiri wa nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn mi ti yọ.

Ẹ wá gbọ́ ti bọ́ọ̀lù. Pápá wa wà lẹ́sẹ̀ òkè. Wọ́n mọ ògiri yí i ká, wọ́n fi ẹní dí ibi tí ògiri ti wó, kí ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀ má baà wòran. Ṣùgbọ́n àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ ga. Bí ènìyàn bá gun òkè, á rí gbogbo pápá láti ilé gólì kan dé èkejì. Àwọn ọmọdé ló máa ń gùn ún. Àgbà tó bá gùn ún, ahun ni wọn yóò máa pè é títí ọdún á fi parí. Torí ìtìjú yẹn la ṣe ń sanwó.

Dálà mẹ́wàá là ń san, ìyẹn àádọ́ta fáràn. Nígbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹgbẹ́ kan láti Àríwá wá bá tiwa gbá a, àwọn aláṣẹ ní ó ti di dálà ọgbọ̀n. Wọ́n ní àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti Kùtọnu.

Ìsọ̀ mi gbóná lọ́sẹ̀ náà. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń pé jọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n ń jà bí ẹni pé ilẹ̀ ni wọ́n ń pín. Bàbá Ràṣídì, oníṣòwò abọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ló le jù.

“Ṣé bọ́ọ̀lù wúrà ni wọ́n fẹ́ gbá ni?” ó ní. “Kí n kó owó ọbẹ̀ ilé mi fún wọn, kí n wá jókòó sínú oòrùn?”

Sìmọ́ọ̀nù, tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, kò gbà fún un. Ó ní bí a kò bá sanwó, ta ni yóò ra bàtà fún àwọn ọmọ wa? Ó ní àwa tí à ń pariwo yìí náà la máa kọ́kọ́ bú wọn bí wọ́n bá pàdánù. Bàbá Ràṣídì ní bàtà wo? Ó ní àga onítìmùtìmù àwọn àlejò ni owó náà ń bá lọ.

Èmi wá lanu. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó, kí gbogbo ìlú gun òkè. Mo ní bí gbogbo wa bá gùn ún pọ̀, ta ni yóò kù tó máa pe ẹnì kejì ní ahun? Bàbá Ràṣídì wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Lọ kọ ọ́ kí ìlú rí i nígbà náà, akọ̀wé oníṣéènì!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ojú ti ń tì mí jù nìyí. Bí mo ti ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó yẹn, tíkẹ́ẹ̀ tèmi wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo ti lọ rà á láàárọ̀. Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ń pa mí, mo sì ń bẹ̀rù kó má lọ tán. Mi ò lè sọ ọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí wà ní mọ́ṣáláṣí tí àwọn tó kù sì ń sinmi oòrùn, mo mú ẹfun ìkọ̀wé kan tí mo jí nínú kíláàsì. Mo lọ síbi ògiri tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: ẸNIKẸ́NI MÁ SANWÓ. ÒKÈ KÌ Í GBOWÓ.

Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé torí àwọn tálákà ni mo ṣe kọ ọ́. Rárá o. Mo fẹ́ kí Bàbá Ràṣídì rí i ni. Mo fẹ́ rí ọ̀rọ̀ tó ti inú ara mi jáde lára ògiri, kì í ṣe ti ọwọ́ fífọ̀ tí ẹlòmíràn ní kí n kọ. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti sá.

Mo rò pé wọ́n á pa á rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ló sọ ọ̀ràn di ńlá. Ọ̀gá tí ìjọba gbé wá sí ìlú wa, ọmọ Gúúsù ni, kò gbọ́ Nàgó rárá. Ó wá yẹ pápá wò, ó rí ìwé lára ògiri. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ Mẹ́tìrì ni! Ó fi Fàráńsé yìn ín níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ẹ wo bí àwọn àgbẹ̀ ti ń mọ̀wé, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, kí àwọn àlejò lè rí i. Mo wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn gbé ojú sọ́run, wọ́n ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Èmi náà kò sọ fún un.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ìlú ti ń wí i: òkè kì í gbowó. Wọ́n rò pé bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá fi àṣẹ sí i, kò sí ìtìjú mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, òkè dúdú fún èèyàn. Àwọn bàbá onífìlà gùn ún, àwọn ìyá gbé àga dání. Bàbá Ràṣídì wà lókè téńté, ó ń ju fìlà rẹ̀ sókè.

Inú pápá dá páropáro. Àwọn àlejò jókòó sórí àga wọn, àwọn díẹ̀ tí ẹ̀rù iṣẹ́ ìjọba ń bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi náà wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti sanwó, mi ò fẹ́ kó ṣòfò. Àwọn ọmọ wa gbá gólì kan wọlé, ariwo sì bọ́ láti orí òkè sórí wa. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò béèrè ìdí tí gbogbo ìlú fi wà lórí òkè. Akọ̀wé kan túmọ̀ ohun tó wà lára ògiri fún un. Mo rí ojú ọ̀gá wa nígbà tó gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, a wà ní kíláàsì nígbà tí ọ̀gá náà dé pẹ̀lú sándámù méjì, àwọn ọlọ́pàá oníbọn ayé ìgbà náà. Ó bi Mẹ́tìrì pé ta ló mọ Nàgó kọ ní ìlú yìí yàtọ̀ sí i. Mẹ́tìrì wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé ọ̀kan nínú wa ló kọ ọ́. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa ni wọn ì bá kó.

“Èmi ni mo kọ́ wọn,” ó dáhùn. “Ohun tí wọ́n bá kọ, èmi ni kí ẹ bi.”

Ọ̀gá yíjú sí wa. Ó ní kí ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú fi hàn án. Ọwọ́ mi lọ sínú àpò kí n tó rò ó. Èmi nìkan ni mo ní i. Ó gbà á, ó gbé e sókè, ó ní kí gbogbo wọn wo kamaráàdì gidi. Mẹ́tìrì náà wò mí, ó sì mi orí sí mi, bí ẹni tó ń sọ pé inú òun dùn pé wọn kò ní fọwọ́ kàn mí. Ẹfun ìkọ̀wé tó kù ṣì wà nínú àpò kejì. Mo fi ọwọ́ bò ó. Wọ́n mú un lọ.

Oṣù márùn-ún ló lò ní àtìmọ́lé kó tó dé. Egungun ló kù lára rẹ̀. Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kíláàsì ti tú ká, kò sì rí owó ìfẹ̀yìntì kankan gbà títí dòní. Ó lọ dáko ní Ofè, abúlé kan lágbègbè Ṣábẹ̀ẹ́. Ọwọ́ tó ń kọ́ni níwèé ló fi ń kọ ebè iṣu.

Mo gbìyànjú láti san gbèsè yìí díẹ̀díẹ̀. Mo ń tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, èmi ni mo ra ẹ̀rọ fún un. Mẹ́tìrì wá ń sọ kiri pé nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òun, èmi nìkan ni kò gbàgbé òun. Ó ń gbàdúrà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ bí àdúrà ti ń ta ènìyàn lára? Ìgbà mélòó ni mo lọ sí Ofè láti jẹ́wọ́, tí mo kàn tún ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ tí mo ń padà bọ̀.

Ojú rẹ̀ ti fọ́ báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yẹn, tó ti wà ní Kùtọnu báyìí, ní kí bàbá sọ ìtàn ayé òun, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ. Mẹ́tìrì ní èmi ni kí n máa kọ ọ́, torí ọwọ́ tí òun fúnra òun tọ́ ni ọwọ́ mi. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dé orí ọ̀rọ̀ ògiri.

“Kọ ọ́ síbẹ̀,” ó ní, “pé nígbà tí wọ́n ń mú mi lọ, ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Mo kà á. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Àwọn gbólóhùn tó kù, èmi ni mo fún wọn. Èyí, ẹnì kan fúnra rẹ̀ ló rò ó. Mo ní, iṣẹ́ mi kò ṣòfò.” Ó wá fi kún un: “Ó wù mí kí n mọ ẹni náà kí n tó kú. Kì í ṣe kí n bá a jà.”

Mo gbé báírò sílẹ̀. Ó ní ṣé mo ti kọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kà á fún òun, mo sì gbé ìwé sókè, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, òfo ni ojú ìwé náà. Afọ́jú tó kọ́ mi ní ìwé kíkà, òun ni mo ka ìwé tí a kò kọ fún.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ á ṣí i. Ó lè rò pé mo gbàgbé ni. Mo lè kọ ohun tí bàbá sọ síbẹ̀, kí n pa ìwé dé, kí n kú pẹ̀lú àṣírí mi. Tàbí kí n fi orúkọ mi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ló ń pè mí ní bàbá kejì, bàbá rẹ̀ sì ti kọjá ọgọ́rin. Bí ọ̀rọ̀ náà bá pa á ńkọ́? Bó bá sì kú láìmọ̀ ọ́n ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó pé. Láàárọ̀ yìí, mo ṣí ojú ìwé náà, mo kọ gbogbo ohun tó sọ síbẹ̀. Ó ku orúkọ kan ṣoṣo. Orúkọ náà sì ni ohun àkọ́kọ́ tí Mẹ́tìrì di ọwọ́ mi mú kọ.