Ọ̀nà Tí Màmá Dórísì Kò Tọrọ

Ìgbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè rìn láti Remblais, àdúgbò wa ní Abidjan níbí, dé etí ọ̀sà kí n sì padà láì jókòó, ìgbà náà ni mo lọ sí Ìlú Ọba. Sandrine, ṣé ẹ̀rọ yẹn ti ń gbọ́ mi? Ó dáa. Ẹ gbé àga sún mọ́ mi. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn.

Ẹ ní kí n gba kọ́kọ́rọ́. Mo ti gbọ́. Mùsíò, ọ̀gá tó ra ilé iwájú, fi géètì dí ọ̀nà tóóró tí gbogbo àgbàlá wa ń gbà jáde sí títì, ó wá fún èmi Mémé, ìyá àgbà yín, nìkan ní kọ́kọ́rọ́, nítorí pé Mémé ti dàgbà, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ṣọ́ọ̀ṣì sì jìnnà tó bá gba ẹ̀yìn. Sandrine ní, "Mémé, y a pas drap, kò sí wàhálà, ẹ gbà á, ó bọ̀wọ̀ fún yín ni." Ó bọ̀wọ̀ fún mi lóòótọ́. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ gbọ́. Bàbá mi, ọmọ Kétu, akọ̀wé ni lábẹ́ àwọn Faransé, iṣẹ́ ló gbé e dé ibí. Abidjan ni wọ́n bí mi sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́ ní yunifásítì. Nígbà yẹn, wọ́n máa ń rán àwa tá à ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ìlú Ọba fún ọdún kan, ká lọ kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Faransé, ká sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn tó ni ín. Èmi rò pé Lọ́ńdọ̀n ni. Mo ti rán kóòtù Lọ́ńdọ̀n sílẹ̀! Àṣé abúlé ni. Abúlé gidi, àgùntàn pọ̀ ju èèyàn lọ. Orúkọ rẹ̀ gùn, kò sí ẹni tó lè pè é nínú yín, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ilé opó kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Dórísì lorúkọ rẹ̀. Èmi ò lè pe àgbàlagbà lórúkọ lásán, mo ń pè é ní Màmá Dórísì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní, "Èmi kọ́ ni màmá ẹ." Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bú mi níta nítorí àwọ̀ mi, ẹ wo Màmá Dórísì lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀: "Fi ọmọ mi sílẹ̀!" Ha! Obìnrin kúkúrú, ẹnu mímú...

Ó dáa, ọ̀nà kan wà. Láti ẹ̀yìn ilé wa, ó gba inú oko lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ odò kékeré kan, ó já sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́. Oko olóko ni o! Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ń rìn níbẹ̀. Mo bi í pé, "Màmá, ṣé olóko yọ̀ǹda?" Ó wò mí. Ó ní, "Ìyá ìyá mi rin ibẹ̀. Ta ló bi?" Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn Àjíǹde, gbogbo abúlé á jáde, tọmọdé tàgbà, wọ́n á rin gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ wọn yí ká, wọ́n á máa fi ọ̀pá lu àwọn òkúta ààlà. Mo rò pé wọ́n ń bọ òrìṣà ni! Wọ́n ní rárá, kí ọ̀nà má baà kú ni. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀, ó ń kú.

Ibojì ọkọ Màmá Dórísì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àràárọ̀ ló ń lọ kí i. Á dúró níbẹ̀, á sọ fún un pé òjò rọ̀, pé ẹ̀fọ́ ti jáde, pé ọmọbìnrin tó wá láti Áfíríkà ti jẹ búrẹ́dì tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń gbé e dìde lórí ibùsùn nìyẹn. Tó bá gba oko, kò jìnnà. Tó bá gba títì, ó jìnnà, mọ́tò á máa sáré kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́.

Ìgbà náà ni ọkùnrin olówó kan dé láti ìlú ńlá, ó ra oko. Géètì. Àgádágodo. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ṣé ó jọ nǹkan tí ẹ mọ̀?

Abúlé gbaná jẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó wá sí ilé wa fúnra rẹ̀, ó mú òdòdó lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, mo gbọ́ nípa ọkọ yín. Ẹ̀yin nìkan, mo yọ̀ǹda fún yín. Àwọn òṣìṣẹ́ mi á máa ṣí i fún yín nígbàkúùgbà." Ẹ wo bó ṣe dùn létí tó! Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, kí ni mo ṣe? Mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ọlọ́run á bù kún yín."

"Dìde!" Màmá Dórísì ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Dìde ńlẹ̀! Kí lo ń dúpẹ́ fún? Ta ló fún ọ ní nǹkan?" Ó dá òdòdó padà fún ọkùnrin náà. Ó ní, "Mi ò tọrọ, mi ò sì gbà."

Ó bínú sí mi títí a fi jẹun tán. Èmi náà bínú. Mo ní ìgbéraga ni! Àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní òun ò wọlé. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló ṣàlàyé. Ó ní nílẹ̀ àwọn, ọ̀nà tí àwọn èèyàn bá ti ń rìn ní gbangba láti ọjọ́ pípẹ́, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti gbogbo èèyàn ni. Ọjọ́ tí o bá tọrọ, tàbí tí o gbà pé ẹnì kan ló fún ọ láyè, o ti fẹnu ara rẹ sọ pé tirẹ̀ ni. Ó ní, "Tí mo bá gba oore rẹ̀, èmi á máa kọjá. Lọ́jọ́ tí mo bá kú ńkọ́? Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ìyàwó kékeré tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

Ó ṣòro fún mi láti gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Àwa tá a ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà! Ní Abidjan níbí pàápàá, àlejò kì í dìde láì tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onílé, onílé á ní òun fún un ní ìdajì ọ̀nà, kó lè tún padà wá. Níbẹ̀, ẹni tó bá tọrọ, ó pàdánù.

Láti ọjọ́ náà, Màmá Dórísì ń gun géètì. Ẹ gbọ́ mi o, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin! Á gbé báàgì fún mi, á ká síkẹ́ẹ̀tì sókè, á máa bú géètì, á máa gùn ún. Èmi á máa tì í láti ẹ̀yìn. Kóòtù Lọ́ńdọ̀n mi, wáyà fà á ya pátápátá. Tó bá pàdé òṣìṣẹ́ olóko, á ní, "Ẹ káàárọ̀," á kọjá. Kò bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Ìjọba rán ẹnì kan wá gbọ́ ẹjọ́ náà ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà ń dìde níkọ̀ọ̀kan. Èyí ní, "Ibẹ̀ ni mo gbà lọ sí ìgbéyàwó mi." Ìyẹn ní, "Ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́." Wọ́n pe èmi náà, àjèjì! Ẹni tí ìjọba rán bi mí pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni fún yín láyè?" Mo ní, "Ó fẹ́ fún wa, sà. Màmá ni ò gbà." Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá Dórísì ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dì í mú gan-an.

Ìdájọ́ ò tètè dé. Òtútù ló kọ́kọ́ dé, ó wọ Màmá Dórísì láyà. Mo fi ata tí ìyá mi fi rán mi láti ilé se ọbẹ̀ fún un. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó lá a tán. Ó ní, "Bí mo bá lọ, kí wọ́n má fi mọ́tò gbé mi gba títì o. Ọ̀nà mi ni kí wọ́n gbé mi gbà." Nítorí ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn, pé ọ̀nà tí òkú bá ti gbà kọjá, ẹnikẹ́ni ò lè dí i mọ́. Àlùfáà ní kò sí nínú òfin. Ta ló bi í?

Ó kú. Ẹ má kí mi ní yako, ẹ má bá mi kẹ́dùn, ó ti pẹ́... Mo sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú.

Àwọn ọkùnrin gbé pósí lé èjìká, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀, gbogbo abúlé ń tẹ̀ lé wọn. A dé ìdí géètì. Àgádágodo wà níbẹ̀. Olóko dúró lódìkejì. Ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣí i. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Ṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé pósí sókè, sókè, kí wọ́n lè gbé e kọjá lórí géètì. Ni ọkùnrin náà bá ṣí fìlà. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wá a, ó mú un, ó ṣí géètì gbayawu. A kọjá. Ẹnu ń yún mi! Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òkú ìyá èèyàn, kí ọmọ Yorùbá má dúpẹ́? Mo pa ẹnu mọ́. Mo wo iwájú, mo kọjá. Ọkàn mi bàjẹ́, orí mi sì wú, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò ti géètì náà mọ́. Ìdájọ́ dé lẹ́yìn náà, ó gbè wá, ṣùgbọ́n ta ló tún ń dúró dè é?

Hùn... Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Remblais níbí, iyanrìn àti omi ni. Èèyàn á gba àgbàlá èèyàn kọjá, á kí wọn, wọ́n á ní kó wá jẹun. Lónìí, ògiri, ògiri, géètì, géètì. Mo mọ̀ pé òfin Ìlú Ọba kọ́ là ń lò níbí. Sandrine, ìwọ lo kọ́ òfin, má wulẹ̀ là á yé mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá tó ń ru àtíéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó ń tà, jáde láràárọ̀ lẹ́yìn wa. Mo mọ àwọn ọmọ tó ń sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn náà ní ẹsẹ̀. Ta ló fún wọn ní kọ́kọ́rọ́?

Nítorí náà, Sandrine, dá kọ́kọ́rọ́ yìí padà fún Mùsíò. Fi ọ̀wọ̀ dá a padà o, mi ò rán ọ níjà. Kí i dáadáa, kí ìyàwó rẹ̀, béèrè ọmọ. Sọ fún un pé lọ́jọ́ Àìkú, Mémé ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, òun àti ọ̀pá òun, pẹ̀lú gbogbo àgbàlá lẹ́yìn òun. Tó bá ṣì tì í, ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ ó gbé mi kọjá lórí rẹ̀. Láàyè ni o. Mi ò ní dúró dìgbà tí mo bá wà nínú pósí.