Èmi Ni Mo Ní Nọ́ọ̀sì Sọ Ohun Tí Kò Sọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa, ọmọ ọmọ mi kọ́ ló parọ́ mọ́ nọ́ọ̀sì àgbà yẹn. Èmi ni. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ kí ẹnu mi tó pa dé.

Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mo ń ṣe nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ to lẹ́tà. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n etí mi mú, n kì í sì í gbàgbé. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ AI, tí àwọn oníròyìn ń gbé ohùn ènìyàn fún kó bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀, a rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè wa. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́ díẹ̀, tàbí tó ń sunkún, ẹ̀rọ náà kì í dákẹ́ ní tirẹ̀. Ńṣe ló máa ń hun ọ̀rọ̀ láti fi dí àlàfo, ọ̀rọ̀ tó dán bí ẹni pé ènìyàn ló sọ ọ́. Ni olóòtú bá ṣòfin: ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá kọ ní èdè wa, kí Ìyá Gbálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè mí, gbọ́ ohùn náà, kí wọ́n ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sí i létí, kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀rọ tó mọ gbogbo ayé, ọ̀dọ̀ onígbálẹ̀ ló ti ń gba ìwé ẹ̀rí. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é, n kò ṣì wọ́n lọ́nà rí.

Ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí, tí mo tọ́ dàgbà, oníròyìn lòun náà níbẹ̀. Ó ń kọ ìtàn ọdún tí àrùn pa àwọn ọmọdé nípakúpa, tí ilé ìwòsàn tilẹ̀kùn mọ́ àwọn abiyamọ. Ó wá nọ́ọ̀sì kan rí tó ti fẹ̀yìn tì, ó gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ó gbé e wá bá mi. Bí obìnrin yẹn ṣe la ẹnu, mo gbé ìgbálẹ̀ mi sílẹ̀. Ohùn yẹn ni. Ohùn tó sọ fún mi lẹ́nu géètì ní ogójì ọdún sẹ́yìn pé, "Kò sí bẹ́ẹ̀dì, ìyá, ẹ padà wá lọ́la," nígbà tí àkọ́bí mi ọkùnrin ń gbóná bí ààrò lẹ́yìn mi. Ẹ̀yìn mi níbẹ̀ ló dákẹ́ sí. N kò sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ mi rí.

Nínú fóònù, ó bi nọ́ọ̀sì pé ta ló pàṣẹ kí wọ́n tilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kò dáhùn. Ó ń mí gúlegúle, ó bú sẹ́kún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti kọ tirẹ̀: "Èmi ni mo pàṣẹ. Àwọn ọmọ tálákà yẹn kò jọ mí lójú."

Ọmọ ọmọ mi ní, "Màmá, ẹkún nìkan lèmi ń gbọ́ o. Ṣé ó sọ ọ́ lóòótọ́?"

Mo ní kó tún ohùn náà gbé fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e. Mo mọ̀ pé kò sọ ọ́. Èmi àgbàyà dijú, mo mirí, mo ní, "Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sínú ẹkún ni. Etí ọmọdé ni kò lè mú un." Ẹ̀san dùn lẹ́nu mi ju oyin lọ.

Wọ́n gbé e sójú ewé àkọ́kọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ "Apànìyàn" sára ògiri ilé obìnrin náà, ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ kó ẹrù jáde, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì yọ orúkọ rẹ̀. Èmi ń kọrin nídìí ìgbálẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án nọ́ọ̀sì náà wá sílé iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá. Ó ní ọ̀gá àwọn dókítà ló pàṣẹ, ọmọ ogún ọdún lòun nígbà náà, ẹkún ni kò jẹ́ kóun lè sọ ọ́ jáde. Ó ní kí wọ́n gbé ohùn òun síta kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ. Àgbà ni wá méjèèjì. Ẹ dákun, kí ni mo sọ?"

Ojú mi ló ń wò, kò dá mi mọ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ká ní ó dá mi mọ̀ ni, bóyá ọwọ́ mi ì bá rọ̀. Mo ní, "Ohun tí ẹ sọ náà lẹ sọ."

Ọmọ ọmọ mi ní kí wọ́n dúró de olóòtú, kí gbogbo ilé jọ gbọ́ ohùn náà. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó lọ bá obìnrin náà gbé àga wá. Èyí tó burú jù nìyí. Mo da aṣọ ìnulẹ̀ bo fóònù, mo gbé e, mo rì í sínú korobá omi ọṣẹ mi, mo sì ń fọ aṣọ lé e lórí, mo ń wo nọ́ọ̀sì lójú. Nígbà tí wọ́n fi rí fóònù náà, ó ti kú. Ẹ̀rọ AI kì í sì í fi ohùn pa mọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀.

Ni wọ́n bá ní ọmọ ọmọ mi ló hun ọ̀rọ̀ yẹn, tó sì ju fóònù sínú korobá mi láti ri ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì sì ti pè é lẹ́jọ́. Níwájú ìgbìmọ̀ tí ilé iṣẹ́ gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ṣé kì í ṣe ìyá rẹ̀ àgbà ló ṣì í lọ́nà. Ó ní, "Màmá mi kì í parọ́." Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ti ń korò lẹ́nu mi.

Olóòtú, ẹ dá ọmọ mi padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ tún orúkọ nọ́ọ̀sì ṣe lójú ewé kan náà tí ẹ ti bà á jẹ́. Nọ́ọ̀sì, ẹ kò sọ ọ́. Ẹ dárí jì mí. Inú mi kò tíì yọ́ sí yín, n kò ní purọ́ kún irọ́, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, bí ẹ̀rọ bá kọ ọ́, tí àgbà sì búra sí i, tó jẹ́ pé ẹkún nìkan ni etí yín gbọ́, ẹkún ni kí ẹ kọ.