Orúkọ Dúpẹ́ Ni Mo Fún Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, mo kí yín. Èmi ò mọ̀wé, ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Bí kì í bá ṣe oyún tí Dúpẹ́ tún ní yìí, bóyá ǹ bá gbé e wọ sàréè.

Omífunfun ni mò ń gbé. Èmi ni Ìyá Ìjọ ní ilé àdúrà wa. Nígbà tí àwọn ará ìpínlẹ̀ kó ètò ìlera wọn dé, èyí tí wọ́n ń pè ní inṣọ́ránsì, wọ́n ní àwọn aláìní nìkan ni ìjọba máa bá sanwó rẹ̀. Wọ́n ní kí àgbà tó mọ ojúlé kọ̀ọ̀kan wá dárúkọ wọn. Èmi ni wọ́n mú. Mo dárúkọ Dúpẹ́, ọmọ ìjọ wa. Ọmọ òrukàn ni, alágbàṣe oko kòkó ni ọkọ rẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá ya fọ́tò, Dúpẹ́ ti lọ bá wọn yan gàrí ní Ajue. Ọmọ tèmi ti ìlú Ọ̀rẹ̀ wá kí mi, oyún wà nínú òun náà. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀, wọn kì í ṣe aláìní. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tó sún mi dé ibẹ̀. Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò pe, "Dúpẹ́!" Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọmọ mi. Ó ní, "Èmi rè é, sà." Wọ́n yà á, ó tẹ̀ka.

Ọmọ ọmọ mi dá bírò dúró níbí. Ó ní, "Màmá, ṣé màmá tèmi ni?" Òun ni. Mo ní kó kọ ọ́.

Nígbà tí Dúpẹ́ ń rọbí, ó dé ilé ìwòsàn, ó ní orúkọ òun wà nínú ètò náà. Wọ́n rí orúkọ rẹ̀, fọ́tò ẹlòmíràn ni wọ́n bá níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Ṣé orúkọ olórúkọ lo fẹ́ fi bímọ? Olè!" Níṣojú èrò ni o. Ìtìjú lé e jáde. Ẹ̀bá ọ̀nà ló bímọ sí. Ọmọ náà ò ké.

Ó wá bá mi. Ó ní, "Ìyá Ìjọ, ta ni mo ṣẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi jù. Mo ní iṣẹ́ ayé ni. Mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbà á.

Wọ́n ti tún ń forúkọ sílẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ ní Dúpẹ́ ti ní káàdì, kò lè gba méjì. Èmi nìkan ló lè tú u. Wọn ìbáà gba aṣọ funfun Ìyá Ìjọ lọ́rùn mi, mo jẹ̀bi. Ọmọ mi ni ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á mú.

Lánàá, Dúpẹ́ kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀, ó ní kí n súre fún ọmọ náà. Mi ò lè la ẹnu. Ó rò pé àdúrà ni mò ń gbà sínú.

Oṣù yìí ni ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?