Ìwé Tí Wọ́n Fi Wé Àkàrà Mi

Ẹ bá mi kígbe Halleluyah! Èyí ò tó o, ẹ ṣe bí ẹni tó jẹun! Halleluyah! Olúwa, o ṣeun.

Ìyá Dúpẹ́ tó ń ránṣọ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni mí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kan ní Marina. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọlọ́pàá wọlé, wọ́n ní ó gba fíríìjì láwìn ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì san kọ́bọ̀. Fíríìjì! Àwa tí à ń bu omi mu nínú àmù!

Ọkọ mi ní, "Mi ò mọwọ́, mi ò mẹsẹ̀." Ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó gbà á kọ orúkọ ẹ, orúkọ ìyá ẹ, ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ. Ta ló tún mọ̀ ọ́n?" Wọ́n tì í mọ́lé.

Mo sáré lọ kúnlẹ̀ fún máníjà wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bóyá ìwé ẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín ló bọ́ sọ́wọ́ olè." Ó ní, "Màdáàmù, ìwé òṣìṣẹ́ wa kì í jáde níbí. Ẹ máa lọ."

Mo gbàwẹ̀, mo gbàdúrà, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ìyá ọkọ mi pàápàá bi mí pé, "Ìyàwó mi, ṣé ọmọ mi ò ṣe é lóòótọ́?" Ẹ̀yin ará, mo sunkún.

Lọ́jọ́ kan mo ra àkàrà ní Lafiaji, kí n gbé e lọ fún un látìmọ́lé. Bí mo ṣe tú u, obìnrin kan ń wò mí nínú ìwé! Fọ́tò ẹ̀, orúkọ ìyá ẹ̀, ibi tó ń gbé, orúkọ kọ́ńpìnnì ọkọ mi gàdàgbà lókè. Epo ti rin ín gbingbin. Ìyá alákàrà ní, "Àwọn ará Marina ló máa ń tà á fún wa. Ó ti pẹ́."

Yéè, Jésù! Tàkàrà tìwé, mo kó o lé tábìlì máníjà. Mi ò kúnlẹ̀ mọ́. "Sà, ìwé yín tí kì í jáde rèé." Òógùn bò ó. Òun fúnra ẹ̀ ló wa mọ́tò lọ bá ọlọ́pàá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi wálé. Ó ti gbẹ bíi pańla, ṣùgbọ́n ó wálé! Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Wọn ò tíì rí olè náà o. Máníjà ní wọ́n ti ń sun ìwé báyìí. Èyí tó ti jáde ńkọ́? Ta ni yóò kó o padà?

Mo mú ìwé obìnrin yẹn lọ sílé ẹ̀ kí n lè kìlọ̀ fún un. Wọ́n ní ọlọ́pàá ti mú un lánàá, lórí gbèsè tí òun náà ò jẹ. Mo padà lọ bá máníjà, wọ́n ní ó ti lọ ìlú òyìnbó. Kí ni kí n tún ṣe?

Ìwọ tó wà nínú ìdààmú, má sọ̀rètí nù. Ọlọ́run tó rí mi nídìí agbada àkàrà á rí ìwọ náà. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde. A ò mọ obìnrin yìí rí, ṣùgbọ́n olè mọ orúkọ ìyá ẹ̀, àwa náà sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi pè é níwájú Ọlọ́run: Rámọ́tà, ọmọ Àwáwù.