Ìgbì Tí Kò Ní Ga Ju Àyà Lọ

Nínú mọ́tò tó ń ti Ìlọ́fà lọ sí Ọ̀sí, obìnrin méjì tó wọ sùtánà funfun jókòó lẹ́yìn mi. Àbúrò nínú wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi tó wà l'Ékòó tún pè. Wọ́n fẹ́ díje lórí òkun ní Sátidé. Ó ní orí pákó pẹlẹbẹ ni àwọn máa ń dúró sí, tí ìgbì á sì gbé àwọn wá sétí òkun.”

“Ta ló ń lé wọn?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ó ní fóònù òun sọ pé òkun á pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà.”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Ẹ má tíì dúpẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí ìgbì dìde.”

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i.

“Jésù bá ìgbì wí, ó dákẹ́. Ìwọ wá fẹ́ kí wọ́n jí i, níwájú gbogbo ìjọ?”

“Mo ti kọ ọ́.”

“Kí lo kọ?”

“Pé kí Olúwa fún un ní ìgbì tó ń béèrè, ṣùgbọ́n kó má ga ju àyà rẹ̀ lọ. Mo sì kọ bí ọmọ náà ṣe ga tó sí i, kí àṣìṣe má bàa wà.”