Ohun Tó Wà Lójú Atukọ̀

“Ẹ pa á ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pẹ́ débi pé ó ti fẹ́ di egbò. Tí mi ò bá sọ ọ́ kí ohùn yẹn tó bẹ̀rẹ̀, òun ló máa bá mi sọ ọ́.” Bí obìnrin alágbàfọ̀ náà ṣe wí nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó sì dìde dúró láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó mú rìmóòtù lọ́wọ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àbí o ti ń jowú ohùn inú ẹ̀rọ ni? Fọkàn balẹ̀, kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ!” Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn ti ògiri bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù gidi, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí àga tó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n jù lọ, ó tẹ́tí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kò sì mọ̀ pé òun gan-an lọ̀rọ̀ náà kàn.

Eré kan ló kó wọn jọ, eré orí tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn èèyàn tí ayé wọn jóná, tí wọ́n wá ń gbé nínú ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n ń wá ayé mìíràn kiri láàárín àwọn ìràwọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí onígbàjámọ̀ bá ti gbá irun ilẹ̀ tán lọ́jọ́ Àìkú, á yí àwọn àga rẹ̀ kúrò níwájú dígí gígùn tó wà lápá ọ̀tún, á kọjú wọn sí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá ti wá á wá ibi jókòó. Ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀ yìí ń hun ìjókòó àga. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa títí tó fi di géńdé, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, tó sì ṣú pátápátá. Ìka ọwọ́ ló fi ń ríran nídìí iṣẹ́, etí ló fi ń wo eré. Ohun tí etí kò bá lè mú, àbúrò rẹ̀ á sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́: ó dìde, ó ń wo ilẹ̀, ó ti fọwọ́ bojú. Adájọ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí tó bá ti dájọ́ òṣèré, ẹjọ́ ti parí. Á ní, “Eléyìí kò sunkún, ariwo ló ń pa.” Á ní, “Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́n, ẹni tó ń sọ ọ́ ni kò yé.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà. Àbúrò rẹ̀ ni wọ́n wá sọ ní Ojú Adájọ́.

Nínú ọkọ̀ òfurufú yẹn, obìnrin kan wà tó ń tukọ̀, Atukọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan sì wà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àmọ́ irin ni wọ́n fi rọ òun, ojú rẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín, kò lè fajú ro. Onírin ni wọ́n ń pè é. Òṣèré tó ṣe Onírin kò ní ohun tó lè fi ṣeré ju ohùn àti èjìká lọ, ohùn yẹn ni Adájọ́ sì fẹ́ràn kọjá sísọ. “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀,” á ní, “ohùn ló fi ń wò ó.” Iyàn kan ṣoṣo ni kò tán láàárín wọn: ṣé Atukọ̀ fẹ́ràn Onírin? Obìnrin náà kò fẹnu sọ ọ́ rí, ojú ló fi ń sọ ọ́. Awakọ̀ ní ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń gbàgbé ibi tó ń tukọ̀ lọ. Onígbàjámọ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Adájọ́ nìkan ló takú. Ó ní, “Àánú ni. Ẹ má pe àánú ní ìfẹ́.” Tí wọ́n bá ní kò rí ohun tí àwọn rí, á fọwọ́ kan èjìká àbúrò rẹ̀, á ní, “Ojú mi nìyí. Ohun tó wù yín lẹ̀yin ń rí, ohun tó wà níbẹ̀ ni tèmi ń rí.” Wọ́n á dákẹ́, nítorí ta ló fẹ́ bá afọ́jú jiyàn lórí ojú?

Eré náà parí, ọdún yí lu ọdún. Àfi bí wọ́n ṣe tún gbé e jáde láìpẹ́ yìí, tí wọ́n fi ohùn kan sí i tó ń ṣàpèjúwe gbogbo ohun tí ojú ń rí, nítorí àwọn tí kò ríran. Inú onígbàjámọ̀ dùn bí ẹni pé òun ló ṣe é. Ó ní àwọn á wò ó látìbẹ̀rẹ̀, kí alágbàfọ̀ náà sinmi wúyẹ́wúyẹ́ sísọ. Ọ̀sán ọjọ́ tí à ń sọ yìí ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” obìnrin náà ní, “irọ́ ni mo pa fún yín nípa ojú Atukọ̀. Kì í ṣe látìbẹ̀rẹ̀ o. Níbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ó wá di ọjọ́ tí Onírin ń ṣàlàyé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ fún un, ọ̀rọ̀ wáyà àti òróró lásán, tí ojú obìnrin yẹn ń dán bí ẹni tí wọ́n ń kọrin fún. Ẹ ní kí lojú ẹ̀ ń ṣe. Mo ní ó ń wo aago tó wà níwájú ẹ̀. Ahọ́n mi kò tiẹ̀ kọsẹ̀. Àtọjọ́ náà lọ, tó bá ti wò ó, màá ní kò wò ó. Tó bá rẹ́rìn-ín sí i, màá ní ó yán. Ẹ̀yin wá ń gbé irọ́ mi dìde láàárín ọ̀rẹ́, ẹ ń fi jà, ẹ sì ń ṣẹ́gun.” Adájọ́ ṣẹ́jú. Ó ní, “Kí ló dé? Kí ni Atukọ̀ ṣe ọ́?” Awakọ̀ tún rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà nìyẹn, kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n jàre.

Ibí gan-an ni obìnrin náà ì bá ti jókòó. Ohùn inú ẹ̀rọ kò mọ̀ ju ohun tó wà nínú eré lọ. Ì bá fi irọ́ kékeré bo ńlá mọ́lẹ̀, wọn ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ilẹ̀ ì bá sì pa á mọ́. Ó rò ó. Kó má purọ́, ó rò ó dáadáa. Ó wá ní, “Kì í ṣe Atukọ̀ ló ṣe mí. Apòògùn ni.”

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Apòògùn ni obìnrin tó ń ta oògùn ní ìkángun òpópónà nígbà náà. Ó wá bá wọn jà nítorí ariwo wọn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń jiyàn lé, kò sì pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ mọ́. Òun nìkan ló lè dojú ọ̀rọ̀ kọ Adájọ́ kó mú un débi tí á fi máa wá ọ̀rọ̀ kiri, òun náà ló sì lè pa á lẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn tí ó lọ, Adájọ́ kò tún dárúkọ obìnrin kankan mọ́.

“Nínú dígí yìí ni mo ti rí i,” alágbàfọ̀ ní. “Gbogbo wa ń wo eré, ẹ̀yin ni ó ń wò. Àyà mi já. Látìgbà tí màmá wa ti kú, ta ni mo ní? Èmi ni mò ń lọ aṣọ yín, èmi ni mò ń ka àwọ̀ aṣọ fún yín láàárọ̀, èmi ni ẹ ń pè ní ojú yín níwájú èèyàn. Ẹni tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ olówó látàárọ̀ títí ọwọ́ á fi bó, ibí nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní nǹkan. Mo ní tí obìnrin yìí bá mú yín lọ, kí ni mo wá jẹ́? Mo sì mọ̀ yín. Tí ẹ bá gbọ́ pé obìnrin tó ríran lè fẹ́ ọkùnrin tí ojú ẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ìrètí á wọ̀ yín lára. Mo wá pa ìrètí náà nínú eré kó tó jáde síta. Ẹ wo ìkà! Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Lọ́jọ́ tí ẹ ní àánú ni, kì í ṣe ìfẹ́, Apòògùn bi yín pé, ‘Ṣé obìnrin kò wá lè fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni?’ Ẹ ní, ‘Kò lè ṣe é, àfi kó tan ara ẹ̀ jẹ.’ Ẹ kò rí bí ojú ẹ̀ ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Èmi rí i.”

Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá apá àga kiri. Àbúrò rẹ̀ kò dúró, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá dúró, òun ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. “Ọjọ́ tí Onírin jáde kúrò nínú ọkọ̀ láti lọ dí ibi tó ya, tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ní padà wọlé. Atukọ̀ dúró sẹ́yìn gíláàsì. Kò sí ọ̀rọ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, ‘Kí ló ń ṣe?’ Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin yẹn gbé ẹnu lé gíláàsì, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo ní, ‘Ó ti kẹ̀yìn sí i. Ó ti padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.’ Ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ wá rọra bi mí pé, ‘Apòògùn ń kọ́? Mo ń gbọ́ ẹni tó ń fa imú. Ṣé èmi ló ń wò?’ Mo yíjú sí dígí. Mo rí i kedere. Mo ní, ‘Rárá o. Aago ọwọ́ ẹ̀ ló ń wò, ó jọ pé ọkàn ẹ̀ ti wà lọ́nà ilé.’ Nígbà tí à ń lọ sílé, ẹ ní tó bá tiẹ̀ ń wò yín nígbà mìíràn, báwo ló ṣe ń wò yín. Mo ní, ‘Bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí wọ́n ń ṣàánú.’ Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló wá sọ pé iṣẹ́ ti ń pe òun sí ìlú mìíràn, ó bi yín níbí pé ṣé ẹ ní nǹkan kan tí ẹ fẹ́ sọ kí òun tó lọ. Ẹ ní, ‘Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín.’ Ó lọ. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Èmi ni mo lé e lọ, wúyẹ́wúyẹ́ ni mo fi lé e.”

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orí. “Adájọ́, gbogbo wa la rí i. A rò pé ẹ mọ̀, tí ẹ kọ̀ ọ́ ni. A ní ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni, kí ló kàn wá?” Awakọ̀ ní, “Mo tiẹ̀ bínú sí yín nígbà náà. Mo ní agídí yín ti pọ̀ jù.” Afọ́jú náà gbọ́ èyí, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n fún ní ìròyìn òkú tó ti pẹ́ nílẹ̀.

“Báwo ni ojú ẹ̀ ṣe rí?” ó ní.

“Ojú ta ni, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ojú Apòògùn. Lọ́jọ́ yẹn, nínú dígí. Sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí. Má fi nǹkan kan kún un, má yọ nǹkan kan.”

Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹnu sí etí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní ojú Apòògùn kún fún omi, kò sì nù ún. Ó ní kò ṣẹ́jú. Ó ní ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn àga Adájọ́, ìka rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan èjìká rẹ̀, ó dá a dúró síbẹ̀, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ó ní ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà nígbà tí Adájọ́ bú òṣèré kan. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá wo òun alára bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, òun ò ní bèèrè nǹkan mìíràn mọ́. Adájọ́ fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀, ó dì í mú. Omi ń bọ́ lójú tí kò ríran náà, kò sì nù ún.

“Ẹ dárí jì mí,” obìnrin náà ní. “Kì í ṣe ìwà rere ló mú mi jẹ́wọ́, ìbẹ̀rù ni, àmọ́ mo ti jẹ́wọ́ ju ohun tí ìbẹ̀rù lè mú mi sọ lọ. Ẹ lù mí, ẹ bú mi. Ẹ má ṣáà dákẹ́.”

“Mo ti dárí jì ọ́,” Adájọ́ ní. “Àbúrò mi ni ọ́, kí ni mo fẹ́ fi ọ́ ṣe?” Ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ìjà níbẹ̀. Inú obìnrin náà fúyẹ́ débi pé ó sunkún sókè. Wọn kò wo eré mọ́ lọ́jọ́ náà. Onígbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sìn wọ́n jáde dé etí títì, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré kọjá sọ́tùn-ún sósì. Alágbàfọ̀ nu ojú rẹ̀, ó di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dúró títí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn fi kọjá.

“Ọ̀nà ti mọ́, ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká sọdá.”

Adájọ́ kò gbé ẹsẹ̀. Ó yíjú síbi tó ti gbọ́ mímí onígbàjámọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?”