Kì Í Ṣe Ìyá Àpọ́nlé Ló Ba Ojú Mi Jẹ́

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo mọ̀ pé nígbà tí wọ́n gbé gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́, ohun tí ẹ ń retí ni pé Oyèbọ́lá tún fẹ́ jẹ́rìí. Ẹ̀rí tí mo jẹ́ níbí ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí ẹ kígbe halelúyà lé lórí, irọ́ ni. Mo ti gbé irọ́ náà sínú tó, kò ṣeé gbé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó lé mi sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní àdúgbò yìí mọ bí ojú mi ṣe rí nígbà tí mo dé láti Ẹdẹ. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ni mo ń bá ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń yan bísíkíìtì gan-an ni mo máa ń dúró sí. Òógùn, òróró àti ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ mi lójú, wọ́n á dí gbogbo ihò wínníwínní tó wà lára awọ. Irorẹ́ bo iwájú orí mi, ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sọ̀kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Èyí tó gba ọyún ń ro mí, èyí tó gbẹ ń fi àpá dúdú sílẹ̀. Kí ni mi ò fi pa á? Mo lo ọṣẹ dúdú, mo lo ọsàn wẹ́wẹ́, mo lo oyin, mo fi ọṣẹ ìfọyín pa á sùn. Ẹnì kan ní kí n máa fi ìtọ̀ àárọ̀ fọ̀ ọ́, mo fi fọ̀ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, kí n lè kọjú síta, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló ṣe mí lójú.

Lásìkò náà, bí wọ́n ti ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun l'Ọ̀tà ni wọ́n ń ṣí yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tuntun yẹn ń wá obìnrin tí yóò máa jókòó síwájú, tí yóò máa kí àlejò káàbọ̀. Alàgbà kan bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní kí n wá kí wọ́n rí mi. Kí wọ́n rí mi! Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dà mí láàmú. Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àpọ́nlé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a ládùúgbò, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ àti ìpara ní ìkóríta yìí ni. Ó ti ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì rí kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó fà mí bọ́ sínú oòrùn, ó yẹ ojú mi wò, ó ní kí n ka gbogbo ohun tí mo ti fi pa á fún òun. Bí mo ṣe ń kà á, bẹ́ẹ̀ ló ń mi orí.

"Oyèbọ́lá, ojú kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń fi kànìnkànìn ha. Fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ọṣẹ tí kò le yìí ni kó o máa fi fọ̀ ọ́. Ìpara yìí, bí ẹyọ ẹ̀wà kan báyìí ni kó o fi pa á. Má tẹ irorẹ́, má da nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ó lè kọ́kọ́ le sí i kó tó rọ̀. Tó bá di oṣù kejì tí kò yí padà, má wá bá mi mọ́, lọ rí dókítà awọ ara."

"Oṣù kejì kẹ̀, mà? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ rí mi!"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ pé awọ ń wo kàlẹ́ńdà?"

Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú. Mo lo nǹkan rẹ̀ díẹ̀, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irorẹ́ tuntun tún ń yọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Mo sọ dígí mọ́ ògiri. Susanna tí a jọ ń gbé yàrá wò mí, ó ní, "Ìwọ náà ló ń fi ara ẹ jìyà. Ṣé o ò mọ Mùkáílà ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ìpara ni? Tiẹ̀ kì í fi àkókò ṣòfò."

Ìdí Ṣàngó Toll Gate la ti bá Mùkáílà, ó ń pariwo sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè pé, "Irorẹ́, àpá, ojú gbígbó, ẹ wá gbà á! Ẹ pa á sùn, kẹ́ ẹ jí dán!" Igi ló fi ń ro ìpara náà nínú ike. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in, mo ra á.

Mo fi pa gbogbo ojú. Ó ta mí bí ẹni pé wọ́n fọ́n ata sí mi lójú. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Nígbà tí mo jí, ojú ti wú, omi ń jáde, awọ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ọjọ́ tí yunifásítì fẹ́ rí mi, mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri.

Ìyá onílé wa wọlé, ó figbe ta, "Kí lo fi pa ojú?" Susanna wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí mi. Ó ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ pé kí n má dárúkọ Mùkáílà, kí ẹ̀gbọ́n òun má baà bínú sí òun. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Nǹkan tí Ìyá Àpọ́nlé fún mi ni." Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí rẹ̀? Inú obìnrin náà ń bí mi. Inú ń bí mi pé òótọ́ ló sọ fún mi, tí mi ò sì gbọ́.

Irọ́ yẹn jáde nílé, ó bọ́ sí òpópó, àwọn èèyàn ń ṣàánú mi. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣàánú mi, ó sì dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ ìsinmi, mo gun ibí yìí, mo ní mo lá àlá pé Ìyá Àpọ́nlé ń da omi dúdú sí mi lójú. Mi ò lá àlá kankan. Olùṣọ́ ìgbà náà ní ká gbàdúrà. Kò ní ká lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwa ni a kò dúró dé àmín.

Ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀. Wọ́n ń da ọṣẹ sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá Àpọ́nlé dúró sí ẹnu ọ̀nà, Àpọ́nlé ọmọ rẹ̀ tí yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé di ìró rẹ̀ mú. Ìyá náà rí mi láàárín èrò. Kò bínú, ó kàn pè mí jẹ́jẹ́: "Oyèbọ́lá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, sọ ohun tó o fi pa ojú fún wọn."

Gbogbo èrò yíjú sí mi. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ yẹn ni mo ti lè gba gbogbo wa là. Ike Mùkáílà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, mo sì kígbe: "Ẹ gbà mí o! Ó tún ń pe orúkọ mi!"

Bí mo ṣe kígbe bẹ́ẹ̀ ni òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ọ̀kan ba Àpọ́nlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ dì í lórí, wọ́n bá ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Láti ọjọ́ náà, a ò rí wọn mọ́ ládùúgbò yìí.

Nígbà tó yá, mo lọ rí dókítà awọ ara l'Abẹ́òkúta. Ọṣẹ tí kò le, ìpara díẹ̀, má tẹ̀ ẹ́, ní sùúrù. Ohun tí wọ́n sọ fún mi kò ju ohun tí Ìyá Àpọ́nlé ti sọ lọ. Nígbà tí ojú mi mọ́, mo tún gun ibí yìí, mo ní Ọlọ́run ti ṣẹ́gun ọ̀tá mi. Ẹ jó yí mi ká. Ẹ wo ìyà tí mo fi jẹ èèyàn, tí mo tún fi gba ijó!

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, irorẹ́ yọ sí Lucy ọmọ mi lójú. Ó ní, "Màámi, kí lẹ fi pa tiyín?" Gbogbo ìmọ̀ràn tó wá sí mi lẹ́nu, ti Ìyá Àpọ́nlé ni. Mi ò lè sọ ọ̀kankan, ẹkún ni mo bú sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá obìnrin náà kiri títí mo fi gbọ́ pé ìlú Àtàn ló wà.

Gàrí ló ń yan nígbà tí mo débẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Mo ti mọ̀ pé irọ́ ni, kì í ṣe èmi lo purọ́ fún. Lọ bá àwọn tó gbà ẹ́ gbọ́." Àpọ́nlé jáde, ó ti di abiyamọ, kò sì dé ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Àpá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ dìde, mà. Èéfín ń kó sí yín lójú."

Ẹ̀yin ọmọdébìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn, irorẹ́ kì í pa èèyàn. Ẹ gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ ní sùúrù. Bí ẹ kò bá sì gbọ́, tí ojú yín bá bàjẹ́, ẹ jẹ́wọ́ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Mi ò tíì bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Mo rántí àwọn tó ju òkúta, mi ò sì ní dárúkọ ẹnì kankan, torí èmi ni mo fi òkúta lé yín lọ́wọ́. Mo ti gba bọ́ọ̀sì kan, ó ń dúró níta. Àtàn kò jìnnà. Ẹni tó bá lè wo ojú ìyá yẹn, kó jẹ́ ká jọ lọ.